Jíìpù Tó Hu Ewú

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti dájọ́ fún mi. Lórí fóònù.

Àkọ́bí mi — Ọ̀gá Pátápátá, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ àfi kó pàṣẹ — ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ jíìpù sílẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ti fẹnu kò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí, wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Ẹnì kan ti wà nílẹ̀ tó fẹ́ rà á. Èmi náà, wọ́n ti wá ibi tí wọn ó gbé mi sí: yàrá kan lẹ́yìn ilé Ọ̀gá Pátápátá, láàárín ẹ̀rọ amúnáwá àti ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Dírẹ́bà yóò máa gbé mi lọ síbi tó bá wù mí, bí ibẹ̀ bá ti wu dírẹ́bà.

"Mọ́mì, ó ti tó àsìkò kẹ́ ẹ lọ sinmi." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi méjì ni. Àkọ́kọ́, mo fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ha géètì. Mo ti ṣàlàyé pé géètì yẹn kò dúró déédéé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ awọnlẹ̀. Bí mo bá ní géètì fi ìka mẹ́ta yà kúrò lójú ìlà, ó yà. Wọ́n ní géètì kò rìn, èmi ni mo rìn. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì: "Ẹ tiẹ̀ wo mọ́tò náà, gbogbo ara ẹ̀ ti hu ewú. Ẹni tí ò lè tọ́jú mọ́tò mọ́, ṣé ó yẹ kó máa wà á?"

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò.

Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Mo jáde lọ wò ó ní ìdájí. Òtítọ́ ni, ó sì dùn mí.

Ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán. Àwọn rọ́bà dúdú ló ti ṣí — bọ́ńpà iwájú, bọ́ńpà ẹ̀yìn, rọ́bà orí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí dígí ẹ̀gbẹ́ — gbogbo wọn funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó wẹ̀ tí kò para. Adúmáadán ni mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo rà á. A jọ la odò kọjá. A jọ gun òkè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tí àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ ń pe Ọlọ́run. Mo wá fi í sílẹ̀ nínú oòrùn bí ìjókòó tó ṣẹ́.

Mo ti pinnu. Kó tó di ọjọ́ kejìlélógún, yóò dúdú. Bó bá dúdú, ẹ̀sùn kejì ti fò lọ. Ẹ̀sùn kìíní, kí wọ́n lọ bá géètì rò ó.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Tíṣà (ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló múlé tì mí, kò sì sí ohun tí kò mọ̀) yọrí lórí ọgbà: "Òróró ni, Màmá Awọnlẹ̀! Ẹ fi òróró pa á." Ọ̀gá Fọmọ́tò tó wà ní ìkóríta ní irọ́ ni, pólíìṣì bàtà ni gbogbo ayé ń lò. Ọmọbìnrin tó ń ta páàtì mọ́tò gbé ìgò kékeré kan fún mi, ó ní kí n bá òun gbé e fún bàbá tó ni mọ́tò. Mo ní bàbá náà ni ò ń wò yẹn. Ó wẹ̀yìn mi, kò rí ẹnì kankan.

Ẹnu mẹ́ta, ọgbọ́n mẹ́ta. Awọnlẹ̀ kì í bá ẹnu jiyàn. A ó wọ̀n ọ́n.

Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Mo pín bọ́ńpà ẹ̀yìn sí pulọ́ọ̀tì mẹ́rin. Téèpù ni ààlà. Mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́, torí ìdọ̀tí àti ọ̀rá àtijọ́ ló kún gbogbo ojú ihò rẹ̀. Mo nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà:

Pulọ́ọ̀tì kìíní — òróró Tíṣà.
Ìkejì — pólíìṣì Ọ̀gá Fọmọ́tò.
Ìkẹta — oògùn inú ìgò, tí mo fi fóòmù pa díẹ̀díẹ̀.
Ìkẹrin — n ò fi nǹkan kan kàn án. Ó yẹ kí ẹnì kan wà tí kò gba ìmọ̀ràn.

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Orúnkún mi ń bá mi sọ̀rọ̀. N ò dá a lóhùn.

Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Pulọ́ọ̀tì mẹ́ta ń dán gbinrin. Tíṣà ń yan káàkiri ọgbà bí ẹni pé òun ló dá ẹ̀pà.

Ọmọ mi obìnrin pè — Ajíròyìn, ẹni tí kì í fọnu kó tó ròyìn. Ó ti gbọ́ pé mò ń dùbúlẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò, mò ń fi téèpù dì í. Tíṣà nìyẹn; ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Kò pẹ́ ni Ọ̀gá Pátápátá pè, ó ní kí n jẹ́ ká máa wo ojú ara wa lórí fóònù. Ó bi mí pé ọjọ́ wo lòní jẹ́. Ó bi mí pé kí lorúkọ àwọn ọmọ òun. Mo dárúkọ wọn, mo sì fi ọjọ́ ìbí èyí tó gbàgbé lọ́dún tó kọjá kún un.

Mo ṣàkíyèsí orí rẹ̀. Dúdú minimini! Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, irun rẹ̀ dúdú ju ti ọjọ́ tí mo bí i. Mo bi í pé báwo. Ó ní èso ni òun ń jẹ. Àwọn àgbà ní ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi. Wọn ò sọ ohun tí èso jẹ́.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Òróró ti di ẹrẹ̀. Gbogbo eruku àdúgbò ló wá sùn sórí rẹ̀, èèrà sì tò dé ibẹ̀ bí ẹni tí a fìwé pè. Tíṣà ní òróró mi ni kò dára.

Pólíìṣì burú jù ú lọ. Aṣọ funfun ni mo wọ̀ tí mo fi fara kàn án nígbà tí mò ń gbé àpò sẹ́yìn mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ sí ìpàdé àwa òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀ gidi nípa ètò ìlera, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo délé ni mo rí àpá dúdú ràgàjì ní ìdí mi. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mọ́.

Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Òjò! Adájọ́ dé.

Mo dúró lábẹ́ agboòrùn, mo ń wo ìdí mọ́tò. Kìíní: òróró bá omi lọ, ó ku funfun. Ìkejì: omijé dúdú ń ṣàn dé orí nọ́ńbà. Ìkẹrin: nígbà tó tutù, ó dúdú bíi tuntun, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́; oòrùn yọ, ó padà sí funfun rẹ̀. Ìkẹta nìkan ni omi ń ṣẹ́ kóró-kóró lórí rẹ̀ tó ń yí dànù. Ó gbẹ, ó sì dúdú síbẹ̀.

Òfin awọnlẹ̀ nìyí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ara mi: dúdú tí òjò kò tíì rí, kò tíì di dúdú.

Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Mo ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ara ń kán mi. Ọ̀sán gangan ni mo gbé fóòmù, tí rọ́bà gbóná tó lè yan àgbàdo. Oògùn náà gbẹ kó tó tàn. Gbogbo bọ́ńpà iwájú di ìlà-ìlà bí ojú ọmọ tó sunkún tí kò nujú. Mo wá gbé awò sójú, mo ka ẹ̀yìn ìgò: *ẹ má lò ó nínú oòrùn.* Lẹ́tà rẹ̀ kò ju ẹyin iná orí lọ. Àwọn tó kọ ọ́ kò ní ìyá.

Tíṣà yọjú, ó wò ó, ó rọra fa orí rẹ̀ padà sẹ́yìn ọgbà. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Mo ti fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ta tapólì láti ara ògiri sí ara igi, mọ́tò wà nínú òjìji. Téèpù yí ká kó má baà kan ọ̀dà. Díẹ̀díẹ̀. Mo pa, mo nù, mo sún. Mo sunkún díẹ̀ nídìí táyà ẹ̀yìn. Kì í ṣe ti mọ́tò. Yàrá tó wà láàárín ẹ̀rọ amúnáwá àti aṣọ ló wá sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Ìpele kejì ti gbẹ. Adúmáadán ti dé o! Mo kàn jókòó sínú rẹ̀. N ò tan án.

Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà máa ṣe akin fún ìwé.

Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Wọ́n dé pẹ̀lú ìkùukùu. Ọ̀gá Pátápátá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, Ajíròyìn tẹ̀ lé e. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, kí wọ́n má sọ pé mo fi pamọ́. Ó kọ́kọ́ kí mi dáadáa — ó dọ̀bálẹ̀, ọmọ tí mo tọ́ ni — kó tó mú kọ́kọ́rọ́ náà sápò. Ó wá ní òun fẹ́ wo mọ́tò.

Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu yà á, mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dá ẹjọ́ kó tó wá, kì í fẹ́ rí ẹ̀rí. Ó ní pólíìṣì lásán ni mo fi pa á láti fi tan àwọn jẹ. Ó yọ áńkáṣíìfù funfun, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi ra bọ́ńpà bí ẹni ń wá owó. Áńkáṣíìfù funfun báláú. Ó tún ra. Funfun.

Òjò bọ́. Òjò ńlá. Ajíròyìn sá sábẹ́ òrùlé, èmi náà sì tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò kúrò níbẹ̀. Ó ń ra rọ́bà nínú òjò. Nígbà tí omi dí i lójú, ó fi áńkáṣíìfù náà nu iwájú orí rẹ̀, ó sì wò ó.

Dúdú kirikiri.

Ó gbé e sókè, ó kígbe: "Ẹ wò ó! Mo sọ ọ́! Pólíìṣì ni!"

Dúdú ń ti ẹ̀bátí rẹ̀ ṣàn, ó gba ẹ̀yìn etí, ó wọ kọ́là funfun. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ajíròyìn fọwọ́ bo ẹnu, gbogbo èjìká rẹ̀ ń mì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dé ẹnu mi, ó dùn.

N ò sọ ọ́. Mo wọnú òjò lọ, mo gba áńkáṣíìfù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ká a sínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ní kó wọlé, òjò ń pa á. Ìgbà tó fẹ́ yípadà ló rí ara rẹ̀ nínú dígí ẹ̀gbẹ́ jíìpù. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ní ìdí ọpọ́n ìfọwọ́ ní kíṣìnnì, ó ní níbi iṣẹ́ àwọn, ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé dé, òun lè bí i. Gbogbo ẹni tó bá ti hu ewú ni wọ́n ń bi léèrè lójoojúmọ́ pé ọjọ́ wo ló ń lọ sinmi. Mo ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ burú. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì."

Mo ní kó tẹrí ba. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ nígbà tí orí yẹn kò tó ọsàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ì báà jẹ́ pé ọmọ tuntun náà ti lé láàádọ́ta ọdún. Omi dúdú ṣàn lọ, funfun yọ. Ó dára. Ó dára bíi ti bàbá rẹ̀, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Kó tó lọ, ó gbé kọ́kọ́rọ́ padà sórí tábìlì, kò wo ojú mi. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Mọ́mì, oògùn inú ìgò yẹn... ṣé ó ṣẹ́ kù?"

Mo ní ti rọ́bà ni.

Pulọ́ọ̀tì karùn-ún: orí àkọ́bí mi. Òjò kan péré. Kò dúró. A ti fọ̀ ọ́, a ò sì kùn ún.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta

Ajíròyìn pè kí n tó fọ ẹnu. Ìròyìn òní: ẹ̀gbọ́n òun ti fá orí rẹ̀ korodo, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ooru ló mú òun. Mo ní ooru náà mú gan-an ni.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mò ń jáde. Géètì, yàgò lọ́nà!