Bàbá Lọ Gba Ìkíni Létí Òkun

                                        Ilé Bàbá Alfred,
                                        Ojú Ọ̀nà Ọ̀rà,
                                        Ìlá Ọ̀ràngún,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejìlá, 2024.

Fẹ́yìsayọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Abúja níbẹ̀ yẹn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá Dámisọ́lá tí mo gbọ́ pé eyín iwájú rẹ̀ ti ká? O kú iṣẹ́ ọsibítù o, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó rẹ̀ ọ́. Àwa náà wà. Iṣu wà nílẹ̀, òjò ti lọ, ọyẹ́ ti dé, ètè wa sì ti ń bó.

Ọ̀rọ̀ Bàbá wa ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Ìwọ nọ́ọ̀sì lo kìlọ̀ fún mi pé bí wọn kò bá máa rìn lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru yìí lè dá wọn dùbúlẹ̀ bíi ti ẹ̀gbọ́n wọn tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fi oko kòkó lé àwọn lébírà lọ́wọ́, ọ̀kadà ni Bàbá ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó dojú kọ ilé wa. Bí mo bá ní ká jáde rìn, wọ́n á béèrè pé ta ló rán àwọn níṣẹ́, kí sì ni àwọn gbàgbé síbi tí à ń lọ. Ní tiwọn, ẹni tó bá ń rìn láìní ibi tó ń lọ, kí wọ́n tètè wá ẹbí rẹ̀.

Ni àbúrò mi, Akínwùmí, bá ní ká gbé wọn wá sí Àgbádárìgì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà ìgbafẹ́ kan wà níbẹ̀ létí òkun, bíríkì ni wọ́n tò sí i gbọọrọ, bẹ́ǹṣì sì wà lábẹ́ igi àgbọn. Tọmọdé tàgbà ló ń rìn lọ rìn bọ̀ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, kìkì láti gba afẹ́fẹ́. A rò pé bí Bàbá bá rí wọn, ara wọn á yá. Bàbá wo òkun títí, wọ́n béèrè ibi tí òdìkejì rẹ̀ wà, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì fìdìkalẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ti hewú sáré kọjá nínú ṣòkòtò péńpé, ó tún sáré padà. Bàbá ní àgbà kì í sáré lásán; bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Wọ́n ní kí Akínwùmí lọ bá a wá ohun tó sọnù.

Fẹ́yìsayọ̀, nínú gbogbo àwọn tó ń kọjá, kò sẹ́nì kan tó kí Bàbá! O sì mọ̀ pé ní Ìlá níbí, ewúrẹ́ nìkan ló lè kọjá níwájú Bàbá Alfred láìkí wọn. Ọmọbìnrin kan tó ki nǹkan bọ etí kọjá, ó padà, ó tún ń kọjá bọ̀. Bàbá dìde.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé òkúta ni mo jẹ́ tí mo jókòó síbí?"

Ọmọ ò gbọ́. Bàbá gbá tẹ̀lé e. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ń kí àwọn tó ń bọ̀: "Ẹ kú ìrìn o!" Ẹni tí kò bá dáhùn, Bàbá á yí padà tẹ̀lé e títí yóò fi dáhùn, wọ́n á tún wá kọjú sí ọ̀nà wọn. Ọkùnrin kan rò pé wọ́n ń tọrọ ni, ó na náírà sí wọn. Yéè! Ìwàásù tí ó gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, pásítọ̀ wa kò lè ṣe irú rẹ̀ láyé.

Ìpẹ̀kun ọ̀nà ni wọ́n ti bá ọmọbìnrin náà, níbi tó ti ń mu omi. Ó yọ nǹkan létí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, n ò gbọ́ ni." Bàbá ṣàdúrà fún un: ọkọ rere, ọmọ, òkè òkun, kò sí èyí tí wọn kò fi kún un. Èmi àti Akínwùmí dúró lẹ́yìn, a fọwọ́ bo ẹnu. Inú mi dùn débi pé omi ń bọ́ lójú mi. Bàbá wa ti rìn, wọn kò tiẹ̀ mọ̀!

Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, Bàbá á dé fìlà, wọ́n á ní àwọn ń lọ kọ́ àwọn ará etí òkun ní ẹ̀kọ́ ìkíni. Nígbà tí a óò fi lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ká tó kúrò, ó ti wálẹ̀ dáadáa.

A dé Ìlá, mo rò pé wàhálà tán. Bàbá fúnra wọn mú ọ̀pá, wọ́n jáde láti rìn. Ilé tó kángun sí tiwa, wọ́n kí wọn kú àbọ̀, wọ́n gbé àga fún wọn. Nílé tó tẹ̀lé e, Màmá Faith gbé iṣu sísun àti epo síwájú wọn. Níbòmíràn, ẹjọ́ ààlà oko ló ti ń dúró dè wọ́n. Níkẹyìn, ọlọ́kadà kan rí wọn, ó fò sọ̀ kalẹ̀: "Èèwọ̀! Bàbá Alfred ò ní fẹsẹ̀ rìn lójú wa!" Ó gbé wọn délé lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti gòkè padà, ẹ̀rù mi náà sì ti padà wá.

Lánàá, wọ́n pè mí jókòó, ojú wọn le. Wọ́n ní ìkíni ni yóò pa àwọn ní Ìlá yìí.

"Oyèbísí, níbi òkun yẹn, kò sẹ́ni tó kí mi. Ó tù mí lára."

Mo pe Akínwùmí pé à ń bọ̀. Akínwùmí ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu: gbogbo àwọn tó ń rìn níbẹ̀ ló ń béèrè Bàbá báyìí, wọ́n tilẹ̀ ti gbé àga ọlọ́wọ́ síbẹ̀ dè wọ́n.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Bí o bá rí Gbénga, ọmọ àdúgbò wa níbí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀ fún ọdún Kérésì. Kí n má gbàgbé: Bàbá ní kí n bi ọ́, àwọn ará àdúgbò yín ní Abúja, ṣé wọ́n máa ń kíni? Bí wọn kì í bá kíni, Bàbá ti di ẹrù wọn tán, ọ̀dọ̀ yín ló kàn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
Oyèbísí.