Ilé Òkè Kò Nílẹ̀

Dassa-Zoumè, Ọjọ́bọ̀, 1965

Ìyàwó mi bí ọkùnrin láàárọ̀ yìí. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Ìyá ìyàwó mi gbé ibi ọmọ sínú ìkòkò, ó ní, "Àna mi, níbo la máa sin ín sí?" Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà, onílé sì ti fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n fọ́ díẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Baba náà ní, "Ọmọ mi, yàrá lo gbà lọ́wọ́ mi, o ò gba ilẹ̀."

Gbogbo ilẹ̀ tó kù ládùúgbò àtijọ́ yìí, ilẹ̀ bàbá ẹlòmíràn ni. Aklampa, ìlú tiwa, sì jìn, kò sí ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ lónìí.

Ìyá ìyàwó mi ní òun á gbé e lọ sílé àwọn ní Paouignan. Lọ́la, tí wọ́n bá bi ọmọ mi léèrè ilé rẹ̀, ilé àna mi ni yóò máa tọ́ka sí.

Nígbà tí mo kó débí, mo ń yangàn pé gbogbo òkè Dassa ni mò ń rí lójú fèrèsé. Mo ṣì ń rí wọn.

Èmi fúnra mi ni mo gbé ìkòkò náà sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí ọkọ̀ Paouignan.