Àpò Màmá Rahinatou

                                        Sankaryaré,
                                        Ouagadougou.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kínní, ọdún 2025.

Oyèwọlé, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà ṣòkòtò péńpé,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìbíjọkẹ́ aya rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbà ọ́ láyè láti rìn dé mọ́sálásí? Ọyẹ́ ọdún yìí le níhìn-ín. Mo ń húkọ́, mo sì ti gbà pé ikọ́ burúkú ni, àfi ìgbà tí dókítà ní eruku lásán ni. Ara mi yá. Ojú ló ń tì mí.

Abdulmuiz, ọmọ ọmọ mi, gbé Rahinatou níyàwó ní mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ní Sátidé tó kọjá. Ìyá ọmọbìnrin náà ń fọ́ òkúta ní àdúgbò Pissy. Fawziyyah, àbúrò Abdulmuiz, ló ń fọwọ́ ṣe òdòdó kékeré tí ẹbí méjèèjì máa fi pínnì há mọ́ àyà aṣọ: òdòdó àtọwọ́dá, tí ó fi okùn dì pọ̀, tí ó sì fi àpò ìdọ̀họ ogbó tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe rí àpò yẹn, mo figbe ta. Èmi tí mo ta léèsì fún ogójì ọdún! Mo ní, "Fawziyyah, àpò ẹ̀wà lo fẹ́ há mọ́ àna mi láyà?" Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, c'est rustique, bíi ti ará oko! Báyìí ni ayé ń ṣe é. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀ fún yín." Mo ní kó lọ gbé tíì mi wá.

N kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo ń rò ó pé àwọn àna á ní a kà wọ́n sí tálákà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí Fawziyyah lọ dirun, mo gun alùpùpù lọ sí ọjà Rood Woko, mo ra ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ wúrà. Mo fi àlùmọ́gàjí tú gbogbo ìdọ̀họ náà kúrò, mo dáná sun ún mọ́ pàǹtí, mo fi ríbọ́ọ̀nù rọ́pò rẹ̀. Mo to gbogbo rẹ̀ padà sínú páálí. Inú mi tilẹ̀ dùn.

Ní mérì, Fawziyyah ṣí páálí, ó bojú wò mí. Màmá Rahinatou mú ọ̀kan, ó yí i wò, ó béèrè ní èdè Dioula pé, "Àpò mi dà?" Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àpò tó fi ṣe òṣùká òkúta ni, láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wà ní iléèwé títí ó fi jáde. Ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó fún Fawziyyah, kí gbogbo wa lè há a mọ́ àyà.

Kí n tó la ẹnu, Fawziyyah ti kúnlẹ̀. "Màmá, pardon. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo rò pé aláwọ̀ wúrà máa dáa jù."

Ó bò mí láṣìírí lójú àna. Èmi ńkọ́? Èmi àgbà wà lọ́jà, mo ń wo orí ọmọ tuntun bó ṣe ń wọ́. Obìnrin náà dúpẹ́, ó ní, "Barka," ó há a mọ́ àyà, kò sì bá Fawziyyah sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi túká.

Ọmọ náà ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, ó ṣì ń gbé tíì mi wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé Pissy. Bí mo bá ti gbọ́ ìró òòlù wọn, mo ń ṣẹ́rí padà ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìjẹ́wọ́ mi á da àárín àwọn ọmọ rú. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, orúkọ Fawziyyah ló bà jẹ́.

Mo kọ ọ́ sí ọ kí n má baà ríbi sá sí mọ́. Ọ̀la, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, n ó tún lọ. Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, pè mí lórí fóònù. Má tilẹ̀ kí mi. Ṣáà bi mí pé, "Jìbírílù, ṣé o sọ ọ́?"

Bá mi kí Ìbíjọkẹ́ àti Fàtáì àkọ́bí rẹ. Jọ̀ọ́, má ka ìwé yìí sí wọn létí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè gbójú sókè,
Jìbírílù.