Ẹnì Kan Tó fún Ìwádìí

                                        Ilé Ìyá Nayif,
                                        Òkè Jadaa,
                                        Salt, Jọ́dánì.
                                        Ọjọ́ kejì, oṣù Kejìlá, ọdún 2023.

Fidda, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ìyàwó Nayif ọmọ mi ti bí ọmọkùnrin. Mitab ni wọ́n sọ ọ́. Hamda, ọmọ àbúrò mi, ti lọ sílé ọkọ ní Irbid. Wọ́n ní ọkọ náà ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì tírélà, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé Hamda kì í tètè jí. Ìwọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́? Ṣé òjò ti rọ̀ ní Tafila? Láti ìgbà tí Khalaf ọmọ rẹ ti mú ọ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ọ̀nà ilé mi ti dá páropáro.

Ọ̀rọ̀ Lujain, ọmọ ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi tẹ́lẹ̀, ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀kọ́ nípa ìṣesí ẹ̀dá ló ń kọ́: ohun tó ń mú ènìyàn ṣe nǹkan, àti ohun tó ń mú un ṣíwọ́. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ náà ní orílẹ̀-èdè wa máa ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti ṣe ìwádìí, wọ́n sì ń rán olùkọ́ lọ sí ìlú tó jìnnà láti kọ́ àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò tíì lè sọ̀rọ̀ bí wọn yóò ṣe mú wọn sọ̀rọ̀. Lọ́dún yìí, èmi gan-an ni Lujain fi ṣe ìwádìí! Ó fẹ́ mọ ohun tó lè mú arúgbó tó ń lọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà máa kàwé nílé. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu.

Ó kọ́kọ́ fi èmi àti ìwé ìtàn mi sílẹ̀; n kò kà ju ojú ìwé kan lọ. Lẹ́yìn náà ó ń jókòó tì mí, ó ń bu tíì, ó ń ní, "Ẹn-ẹ́n, kí ni ọkùnrin náà wá ṣe?" Mo ń kà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tó yá, ó tún dìde. Àṣà wọn ni: bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ ló mú ọbẹ̀ dùn, wọn á yọ iyọ̀ kúrò. Ìwé mi tún di pípadé. Ó padà wá jókòó, mo tún ń kà.

Lujain mú mi lọ sí ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ náà ní Amman; níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé páálí iṣẹ́ wọn kọ́ ara ògiri. Ìlà kan tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìwé kíkà mi, ni Lujain yà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan bi mí pé, "Àlàájà, ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n yà síbí?"

Mo ní, "Èmi ni, ọmọ mi. Wọ́n kàn gbàgbé imú mi ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ ṣùtì ètè: "Ẹnì kan péré lẹ wò?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Tí a bá wò ó dáadáa, ẹnì kan tó." Fidda, orí mi wú!

Ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ ti fi iṣẹ́ olùkọ́ lọ Lujain, ọdún méjì ní Aqaba lọ́hùn-ún. Ó kọ̀. Nínú ọkọ̀, mo bi í léèrè ìdí.

"Màmá Àgbà, ẹ̀yin náà rí ìlà yẹn. Tí n bá ti dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ó ń já wálẹ̀."

"Ṣé okùn wá ni, tí o fẹ́ fi so ara rẹ mọ́ mi lẹ́sẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Òfin ẹgbẹ́ yín ni pé ẹni tí ẹ ń wò lè yọwọ́ nígbà tó bá wù ú. Mo kà á fúnra mi kí n tó fọwọ́ sí i. Ó dáa, mo ti yọwọ́. Lọ palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó lọ.

Ó ń pè mí lórí fóònù. Lánàá ó ní ọmọ kan ní Aqaba ti fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè omi. Inú mi dùn débi pé mo yíjú láti sọ fún ẹnì kan; ìrọ̀rí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lujain kò bèèrè nípa ìwé mi, nítorí mo ti yọwọ́. Èmi náà kò sọ pé láti ọjọ́ tó ti lọ n kò ṣí i. Ẹnì kan lè tó fún ìwádìí, kò tó fún ìkòkò tíì.

Fidda, wá. O kò ní ka nǹkan kan. Kí o ṣáà jókòó, kí o máa bi mí pé kí ló tún ṣẹlẹ̀. Bá mi kí Khalaf àti ìyàwó rẹ̀, kí wọ́n má bínú sí mi. Mo fi owó ọkọ̀ sínú lẹ́tà yìí. Ti àbọ̀ kò sí níbẹ̀. Dínárì mẹ́wàá ni.

                                        Èmi tí ń wo ọ̀nà rẹ,
                                        Turfa, Ìyá Nayif.