Abọ́ Omi Àárọ̀ Yìí

Bàbá àwọn ọmọ mi,

Mi ò dákú ní kíṣìnnì láàárọ̀ o. Nọ́ọ̀sì ló ní tí ooru yìí bá ti dé, kí n jókòó, kí n dijú, kí n máa fọkàn bá èémí mi lọ títí yóò fi rọlẹ̀. Mo ti ń léfòó lọ bí ewé lójú odò kí ẹ tó da abọ́ omi lé mi lórí. Ẹ má bínú pé mo jágbe mọ́ yín.

Nǹkan oṣù mi ló ń dáwọ́ dúró. Ooru rẹ̀ ni mo ṣe ń tì yín kúrò lórí ibùsùn, kì í ṣe ìbínú.

Ẹ nu ilẹ̀ kíṣìnnì, ó ń yọ̀. Ẹ gbé ìrọ̀rí yín kúrò ní pálọ̀, ẹ gbé e padà sí yàrá. Ẹ fi kúbùsù sílẹ̀ ní pálọ̀.