Fílípà Bàbá Yín Ti Ka Ẹgbẹ̀rún

Glei, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹjọ

Yannick ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Sabrina ìyàwó wa, mo kí Inès kékeré tí mo gbọ́ pé ó ti ń fi Faransé bú àwọn ọmọ ilé kejì. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí kò ní sùn lé yín lórí ní Lomé. Àlàáfíà ni a wà. Òjò rọ̀ dáadáa, àgbàdo ti gbó, adìẹ funfun yẹn pa méje, àṣá sì gbé méjì, orúnkún tó ń dùn mí ti gbàgbé pé òun ń dùn mí, ohun tó sì mú un gbàgbé ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Jókòó kí o tó máa kà á lọ.

Ṣé o rántí ohun tí o sọ nígbà Àjíǹde? O ní ilé ọtí bàbá yín ti di ilé aláǹtakùn, kí a ta fílípà inú rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí a fi yàrá náà háyà, kí èmi wá máa gbé lọ́dọ̀ yín ní Lomé kí n má dá wà. Mo ní n kò lọ. O rẹ́rìn-ín, o ní ó dára, bí fílípà yẹn bá fi lè ka láti òdo dé ẹgbẹ̀rún kí ọdún Àsúmísíọ̀n, ọdún Màríà inú oṣù kẹjọ, tó dé, o kò ní dárúkọ Lomé sí mi létí mọ́. O rò pé àwàdà ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ka èyí fún Sabrina nítorí kò rí fílípà rí. Àpótí gígùn kan ni, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi dúró, gíláàsì ló bò ó lórí. Bọ́ọ̀lù irin kan ń sáré nínú rẹ̀, ọwọ́ kékeré méjì ń gbá a padà, bí ó bá ti kan nǹkan, agogo á dún, nọ́ńbà á sì yí lókè. Bàbá yín rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, a kò tíì bí ọ nígbà náà. Ọjọ́ tí bàbá yín fi eré sílẹ̀ láàárín pé àwọn fẹ́ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, tí wọn kò sì dìde mọ́, 740 ló wà lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí a bá tan án, á máa kùn bí ẹni tó fẹ́ rántí orúkọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò ní padà sí òdo, eré kò sì ní lè bẹ̀rẹ̀.

Mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo ṣí i. Yannick, ẹ̀rù bà mí, lẹ́yìn náà ẹ̀rín pa mí. Wáyà inú rẹ̀ kò níye, gbogbo wọn ló sì wọ aṣọ! Òwú ni wọ́n hun sí wọn lára, pupa onílà funfun, dúdú onílà pupa, oríṣiríṣi. Èmi tí mo ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ránṣọ, ṣé òwú ló máa wá lé mi sá? Bébà ńlá kan tí wọ́n ya ọ̀nà àwọn wáyà náà sí wà nísàlẹ̀ àpótí náà, wọ́n ká a bíi pátírọ́ọ̀nù tí a fi ń gé aṣọ. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, mo fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ti yé mi, màá gún abẹ́rẹ́ sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti wá ṣi iṣẹ́ ṣe. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń kùn, òróró ló ń tọrọ. Mo fi òróró pa gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà, títí kan àwọn ewé idẹ pẹlẹbẹ tó ń fẹnu kan ara wọn kí iná lè kọjá. Nígbà tí mo tan án, kò tilẹ̀ kùn mọ́.

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo òyìnbó tó ń tún fílípà ṣe nínú fídíò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo kí i kú iṣẹ́, kò dáhùn, iṣẹ́ ló gbà á lọ́kàn, n kò bínú. Ó ń yára sọ̀rọ̀ jù, nítorí náà mo máa ń jẹ́ kí ó sinmi odidi ọjọ́ kan kí n tó tún pè é, ẹ̀wù kan náà ni mo sì ń bá lọ́rùn rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó ní ẹni tó bá fi òróró sí ewé idẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ó tẹjú mọ́ mi bó ṣe ń sọ ọ́. N kò mọ ẹni tó sọ fún un. Ní ìparí, ó ní kí n tẹ agogo kékeré kan kí n lè di ọmọ ẹgbẹ́ òun. Ìtìjú mú mi, mo tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bá mi sọ fún un pé mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ àwọn ìyá, n kò lè máa lọ ìpàdé kẹta. Bí ó bá fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́, mo lè rán ẹ̀wù mìíràn fún un.

Ó ní ọtí líle ló ń fọ òróró kúrò. Ní Glei, ọtí wo ló tún le ju sódábì lọ? Mojọlá tó ń tà á bi mí pé ta ni àlejò mi, mo ní fílípà ni, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Mo padà lọ ra ìgò kejì, mo ra ẹ̀kẹta. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo Glei ti gbọ́ pé opó tó ń kọrin ní ìlà iwájú ti di ọ̀mùtí, ó sì ń gbàlejò òyìnbó nínú yàrá. Katikísì ìjọ wa wá, ó gbóòórùn yàrá, ó ní kí a gbàdúrà. Mo tẹríba sínú àpótí. Àdúrà náà gùn, mo rí ewé idẹ mẹ́fà nù kí ó tó parí.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí kùn, ṣùgbọ́n 740 kò kúrò lójú rẹ̀. Mo padà sídìí pátírọ́ọ̀nù. Ó ní wáyà pupa onílà funfun gbọ́dọ̀ dé ìdí àgbá kékeré tó ń yí nọ́ńbà ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, mo sì rí i. Aṣọ rẹ̀ kò já, ohun tó wà nínú aṣọ ló já.

Mo yá irin gbígbóná oníṣẹ́ rédíò láti fi òjé so ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dúró. Bí mo bá so ó, 740 á parẹ́. Ohun tó bàjẹ́ yẹn ló ti ń bá mi tọ́jú eré ìkẹyìn bàbá yín. Ṣé àtúnṣe ni mo fẹ́ ṣe, àbí ìparẹ́? Mo wá ìdáhùn rẹ̀ nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà, títí kan àwọn tí katikísì yá mi. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ 740 sára ògiri, mo sì so wáyà náà.

Ọjọ́ kẹrìnlá, bàbá yín Isidore, ẹ̀gbọ́n bàbá yín, wọlé dé bí ìwọ náà ṣe rán wọn pé kí wọ́n wá wo fílípà, kí wọ́n sì mú mi wá sí Lomé bí kò bá kà. Ìdíríìsì tó ń ra irin àlòkù ní Anié tẹ̀ lé wọn tòun ti ìwọ̀n tó fi ń wọn irin lọ́wọ́. Èrò rọ́ wá. Bàbá yín Isidore ní ṣé ìyàwó àbúrò àwọn ti di mẹkaníìsì, kí n yáa lọ di ẹrù mi, òkun Lomé ń pè mí. Mo tẹ bọ́tìnnì. Àwọn nọ́ńbà yí kàkàkà, òdo, òdo, òdo, òdo! Ariwo sọ.

Mo gbá bọ́ọ̀lù. Igba. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nígbà tó kọjá 740, mo wo ògiri, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí mo ń wò. Ó di 980. Bí bàbá yín Isidore ṣe rí i, wọ́n ní magomágo ni, wọ́n fi ìkúùkù lu àpótí náà gbàá. Iná kú pii. Ọwọ́ méjèèjì kò gbéra mọ́. Gbogbo ènìyàn ní yéè, ó ti kú. Ìdíríìsì gbé ìwọ̀n rẹ̀.

Ọmọ mi, mo ti rí ìdí rẹ̀ nínú pátírọ́ọ̀nù. Irin kan so rọ̀ sínú òrùka níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mi àpótí jù, irin á kan òrùka, àpótí á sì kọ eré títí bọ́ọ̀lù yẹn á fi wọlé sínú ihò ìsàlẹ̀. N kò sọ fún wọn. Mo ní inú rẹ̀ ló bàjẹ́, kí bàbá yín Isidore bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àwọn kò ní bẹ àpótí. Ìdíríìsì fúnra rẹ̀ ní kí bàbá jọ̀wọ́, ẹnu kì í ṣẹ́. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní kí ó má bínú. Bọ́ọ̀lù yí wọlé, òmíràn jáde, iná sì tàn padà! Mo mọ̀ pé òrùka ni. Síbẹ̀, bí mo ṣe rí i tó yára tàn, n kò fẹ́ búra.

Mo gbá a. 990. Mo gbá a. Agogo ńlá dún: 1000! Mojọlá gbé mi sókè, orúnkún àti gbogbo rẹ̀. Ìdíríìsì ká ìwọ̀n rẹ̀, ó ní òun kì í ra ohun tó ṣì ń mí, ó sì lọ tò sẹ́yìn àwọn tó fẹ́ gbá a. Bàbá yín Isidore ló gbá a pẹ́ jù, wọn kò sì fọwọ́ lu àpótí mọ́.

Nítorí náà, owó ọkọ̀ tí o yà sọ́tọ̀ láti fi gbé mi wá sí Lomé, má dá a padà sápò. Fi ra gílóòbù kéékèèké méjìlá àti rọ́bà tuntun méjì fún àwọn ọwọ́ rẹ̀, kí o sì fi èyí tó bá kù wọkọ̀ kó wọn wá fúnra rẹ. N kò pa 740 rẹ́ lára ògiri. Bàbá yín fi eré sílẹ̀ láàárín. Ìwọ ni mo fẹ́ kí o gbá èyí tó kù.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tó wà nínú aṣọ yín já. Ẹni tó bá lù yín á ṣí fìlà bẹ̀ yín. Ẹ ó ka ẹgbẹ̀rún, ẹ ó kà á kọjá. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, ní Glei, níbi tí mò ń gbé.