Títì Tí Mo Yọ Nítorí Bàbá

Ipaja

Ẹ̀gbọ́n mi Abraham,

Àwọn olè ti gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ kọ̀ǹpútà àgbà ilé ẹ̀kọ́ Bàbá, wọ́n sì ti pa èsì ìdánwò ọdún mọ́kànlá rẹ́.

Ẹ kú òtútù ìlú òyìnbó o. Mo kí ìyàwó wa Naomi àti Olúwapẹ̀lúmi. Ẹsẹ̀ Màmá ṣì ń wú, oògùn ìfúnpá wọn sì ku ti ọ̀sẹ̀ kan. Òjò tún ti gé ọ̀nà Ayọ̀bọ̀.

Ẹ̀yin lẹ ṣètò rẹ̀ pé ẹni tó bá ṣi páásíwọ́ọ̀dù tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò ní lè wọlé mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Lóṣù tó kọjá, ó ti Bàbá mọ́ ìta. Wọ́n bínú gan-an.

"Ọláyẹmí, ẹ̀rọ tí mo fowó ara mi rà ló ń pè mí lólè? Yọ ọ́ jàre!"

Mo mọ̀ pé kò yẹ, ṣùgbọ́n n kò lè bá baba mi jiyàn. Mo yọ ọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ àwọn olè náà dán páásíwọ́ọ̀dù wò nígbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin, kó tó kan tiwa: oríkì Màmá, Àtọ́kẹ́.

Àwọn ọmọ tó ń wá èsì wọn fún yunifásítì ń pààrà ọ̀dọ̀ wa. N kò ní nǹkan kan láti fún wọn. Bàbá kò jẹun dáadáa mọ́.

Kí Ọlọ́run pa yín mọ́ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo díìsì tí ẹ da èsì ìdánwò náà sí, tí ẹ gbé lọ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù nìyẹn, a kò sì tíì mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣí.

Àbúrò yín,
Ọláyẹmí